Igi Ìrẹ́, Irun Wa àti Òòyà Oníke

Ẹni tó bá dúró sí etí omi ní Makòko láàárọ̀ á rí i pé ọjà ló ń wá oníbàárà kiri níbẹ̀. Ọkọ̀ kan á gbé búrẹ́dì, òmíràn á gbé omi mímu, òmíràn á kó ọṣẹ, abẹ́rẹ́, òwú ìkórun àti òòyà. Òòyà yẹn ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Pupa wà níbẹ̀, dúdú wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ike ni gbogbo wọn, àtọ̀nà jíjìn bíi Ṣáínà ni púpọ̀ nínú wọn sì ti wá.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà yani lẹ́nu ni pé Òkóbàbá kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ẹ bá gba orí Afárá Third Mainland kọjá, ojú kan náà lẹ fi ń wo èéfín ẹja tí àwọn obìnrin Makòko ń yan àti èéfín tó ń rú láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Láti inú omi Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ni wọ́n ti máa ń so igi pọ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n á fà á gba orí ọ̀sà títí á fi dé Èkó. Pákó ibẹ̀ ni àwọn Ègùn àti Ìlàjẹ ní Makòko fi ń kan ọkọ̀, òun ni wọ́n fi ń kọ́lé sórí omi. Kódà, ìyẹ̀fun tí ayùn ń tú sílẹ̀, wọn kì í dà á nù. Wọ́n ń fi í kún ilẹ̀ tí omi ti gbà. Ibi tí igi pọ̀ tó báyìí, tí ọ̀bẹ àti ayùn kò wọ́n, tí àwọn tó mọ igi í gbẹ́ sì kún ibẹ̀, báwo ni òòyà onígi ṣe di àwátì?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún nǹkan lórúkọ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má pa òòyà pọ̀ mọ́ ìkòótí. Ìkòótí ni ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí onídìrí fi ń la ojú irun kó tó máa dì í. Òòyà ló ti kọ́kọ́ tú irun náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe *yà* ló wà nínú òòyà: a ń ya irun, a ń yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyí tí òòyà fi wọ inú àrokò. Láyé àtijọ́, bí ẹnìkan bá di òòyà ránṣẹ́ sí ọ, kì í ṣe pé irun rẹ rí wúruwùru lójú rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ìpínyà ti dé, kí oníkálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ gbáà nìyẹn sí ti àwọn Aṣáńtì ní Gánà, níbi tí ọkùnrin ti máa ń fún obìnrin tó wù ú ní òòyà onígi tí wọ́n ń pè ní *duafe*, tí àwòrán rẹ̀ sì wà lára àwọn àmì adinkra tí wọ́n ń tẹ̀ sára aṣọ. Èyí tó jẹ́ ìdágbére lọ́dọ̀ wa, ìfẹ́ ni lọ́dọ̀ tiwọn.

Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ mọ Ọ̀ṣun ní onídìrí, ọ̀kan nínú orúkọ tí wọ́n sì fi ń kí i sọ pé iyùn ni òòyà rẹ̀. Orí dàda nìkan ni òòyà kì í déédéé dé. Àwọn yòókù, tọkùnrin tobìnrin, ló ti gbé orí fún un rí.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Òòyà ìbílẹ̀ wa, irú èyí tó wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nílùú òyìnbó báyìí, igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ yọ. Ìdìmú rẹ̀ wà lókè, wọ́n lè fín ọnà sí i lára. Eyín rẹ̀ kì í pọ̀, ó máa ń gùn, àyè sì máa ń wà láàárín wọn. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú iṣan igi. Bí agbẹ́gi bá gé eyín dábùú iṣan, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá kì í bọ irun ni yóò kán. Eyín gbọ́dọ̀ tọ gígùn iṣan lọ, bí ìgbà tí a bá la igi ìdáná. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni ewu wà, nítorí igi tó rọrùn láti là lè máa là lọ títí dé ìdìmú. Igi tí ihò rẹ̀ dí, tí kò ní iṣan gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Bí ọ̀bẹ bá ti ṣe tirẹ̀ tán, ewé ìpín ló kàn, ewé tó rí ṣákiṣàki bí ahọ́n ológbò. Òun ni wọ́n fi ń ha á títí kò fi ní sí ẹ̀gún kankan láàárín eyín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi epo pa á.

Igi tó bá irú iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ mu ni ìrẹ́. Igi funfun ni, ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, òun sì ni wọ́n sábà fi ń gbẹ́ ère ìbejì. Àwọn onímọ̀ ewéko pín in sọ́nà méjì, wọ́n pe ìkan ní Funtumia, wọ́n pe ìkejì ní Holarrhena, ṣùgbọ́n ìrẹ́ ni gbogbo rẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, wọ́n kàn lè fi orúkọ kékeré kan tì í lẹ́yìn. Ẹ di ìrẹ́ yìí mú, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì tán nínú ìtàn yìí.

Kí ló fa àyè láàárín eyín? Irun wa ni. Irun wa máa ń ká. Bí a bá gé fọ́nrán kan, tí a fi ẹ̀rọ wo ojú ibi tí a gé, kì í rí róbótó. Pẹrẹsẹ ló ń rí, bí ẹyin tí a tẹ̀ díẹ̀. Gbogbo ibi tí irun náà bá ti yí po ni agbára rẹ̀ ti dín kù. Fọ́nrán yìí á lọ́ mọ́ tọ̀hún, wọ́n á so kókó. Òróró tí awọ orí ń pèsè kì í sì rọrùn fún un láti rìn dé ṣóńṣó irun tó ká, nítorí náà ìdí irun lè rọ̀ kí ẹnu rẹ̀ gbẹ táútáú. Bí òòyà tí eyín rẹ̀ fún bá kan kókó, kò ní ibi tó máa tú u sí. Ó kàn á wọ́ ọ ni, irun á sì já ní ibi tó ti ká.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká wo Ṣáínà dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ òòyà àfọwọ́ṣe dé ibi tó ga jù. Ìlú Changzhou, ní ìpínlẹ̀ Jiangsu, ti ń ṣe òòyà fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Oríṣi méjì ni tiwọn. Èyí tí wọ́n ń pè ní *shu* jẹ́ òòyà onígi tí eyín rẹ̀ ya díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní *bi*, ọparun ni: wọ́n á la ọparun sí wẹ́wẹ́, wọ́n á tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á fi òwú so ó, wọ́n á sì fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá àárín. Eyín rẹ̀ fún débi pé iná orí pàápàá kò lè gbà á kọjá. Iná orí àti èérí orí ni wọ́n kúkú ṣe é fún. Nínú ìṣirò àwọn oníṣẹ́ náà, *bi* kan gba ju àádọ́rin ìgbésẹ̀ lọ kó tó parí. Òòyà Changzhou gba àmì ẹ̀yẹ níbi ìpàtẹ àgbáyé ní San Francisco ní 1915, ìjọba Ṣáínà sì fi iṣẹ́ náà sára àwọn ogún ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn ní 2008.

Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbé *bi* yẹn sórí ọmọ Makòko kan, kò ní wọlé ní ìwọ̀n èékánná. Irun tó nà tààrà ló bí i. Ọwọ́ agbẹ́gi wa kò ro ju tiwọn lọ nítorí pé eyín òòyà tirẹ̀ kò pọ̀. Ohun tí orí oníbàárà rẹ̀ ń fẹ́ ló ṣe.

Ó wá ku ìrẹ́. Èyí tí wọ́n pè ní Funtumia nínú rẹ̀ ní oje, oje náà sì ni rọ́bà. Ní nǹkan bí 1894 sí 1895, àwọn oníṣòwò mọ̀ pé igbó ilẹ̀ Yorùbá kún fún un, ni gbogbo ayé bá dà bo ìrẹ́. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó gba Èkó jáde lé ní mílíọ̀nù 5 ìwọ̀n pọ́ùn. Ẹni tó ń kọ igi lára kò bìkítà bóyá igi yóò yè. Wọ́n fa oje rẹ̀ títí ó fi gbẹ. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ọ̀pọ̀ nínú ìrẹ́ ńlá ti kú, òwò náà sì ti wálẹ̀ wìì.

Kí ni òyìnbó ń fi rọ́bà ṣe? Ẹ má rò pé táyà nìkan. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti mọ̀ pé bí a bá po rọ́bà pọ̀ mọ́ imí ọjọ́ púpọ̀, tí a sè é, yóò le, yóò dúdú, yóò sì ṣe é dán. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ilé iṣẹ́ ti wà ní Harburg, lẹ́bàá Hamburg ní Jámánì, tó ń fi irú rọ́bà líle bẹ́ẹ̀ ṣe òòyà. N kò sọ pé rọ́bà Èkó gan-an ló di òòyà Harburg o. Ohun tí mo ń sọ ni pé igi tí a fi ń gbẹ́ òòyà nílé wa, nítorí oje rẹ̀ ni wọ́n ṣe pa á, láyé tí oje irú rẹ̀ ti ń di òòyà níbòmíràn.

Lẹ́yìn rọ́bà líle ni sẹ́lúlọ́ìdì dé, tí John Wesley Hyatt gba àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1870, tí àwọn olóòyà ìlú Leominster ní Massachusetts sì gbà lò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ike tí a ń yọ́, tí a ń tì sínú ẹ̀rọ, gba ipò gbogbo wọn. Ẹ̀rọ yìí máa ń ju òòyà sílẹ̀ bí ẹni ju èkùrọ́. Agbẹ́gi tó jókòó ti ẹyọ kan láti àárọ̀ kò lè bá a díje, iye yòówù kó tà á. Kò sì yẹ ká bú ìyá tó ń gbé lórí omi tó lọ ra oníke: ó pọ́ọ́kú, omi kì í bà á jẹ́, nígbà tí igi lè hu èébu níbi tí òórùn omi kì í ti í kúrò lára ògiri.

Ẹ̀sùn tèmi wà lórí eyín. Ẹ mú òòyà oníke olówó pọ́ọ́kú, kí ẹ fi èékánná tọ ẹ̀gbẹ́ eyín rẹ̀ kan. Ẹ ó bá ìlà tín-ín-rín kan tó gbè. Ibẹ̀ ni ìhà méjèèjì ẹ̀rọ ti pàdé. Ìlà yẹn mú, ó sì ń ha ara irun lójoojúmọ́. Ewé ìpín ì bá ti mú un kúrò. Ọ̀pọ̀ òòyà yẹn tún jẹ́ pé irun tó nà ni wọ́n rò mọ́ ọn, wọ́n kàn kó o wá sọ́dọ̀ wa. Ọmọ á jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Sunday, nítorí ilé ìwé ọjọ́ kejì, òòyà á kọ́ ọ lórí, ọmọ á ké, ìyá á ní, "Irun ọmọ yìí mà le o!" Ọmọ yẹn á sì gbà á gbọ́. Láti ibẹ̀ ni òòyà irin tí a ń kì bọ iná ti rí ọ̀nà wọlé, láti ibẹ̀ náà ni rílásà ti rí ọ̀nà. Irun tí òòyà kò bá mu, irun ni wọ́n dá lẹ́bi.

Ẹni tó bá sì ń ṣiyèméjì bóyá irun wa gba ìtọ́jú, kó lọ wo àwọn fọ́tò J. D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya orí àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, tó sì ya irun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 kó tó kú ní 2014.

Eyín gígùn tó ya náà kò parun. Nígbà tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dá irun wọn sí ní ọdún 1960 sí 1970, òòyà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n padà sí. Ní 2013, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fitzwilliam ní Cambridge tò ó lẹ́sẹẹsẹ láti ìgbà Íjíbítì àtijọ́, nǹkan bí 6,000 ọdún, títí dé orí òòyà oníke tí wọ́n ṣe ọwọ́ ìkúùkù sí. Ní Èkó báyìí, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó fi rílásà sílẹ̀ ti ń wá òòyà onígi. Ṣáínà ni wọ́n tún ti ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ wá.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ wò ó bóyá iṣan igi tọ gígùn eyín. Ẹ fi ìka sáàárín eyín méjì. Bí ìka kékeré kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà, ẹ dá a padà. Ẹ fi òrí tàbí àdín àgbọn sínú irun kí ẹ tó yà á, ẹnu irun sì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa sún sókè díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe láti ìdí. Ẹ má rẹ òòyà náà sómi. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ fi àdín díẹ̀ pa á, kí ẹ sì gbé e síbi tí atẹ́gùn wà.