Bí Onílé Bá Kú: Títún Ìwé Ilé Ṣe ní Woolwich àti Thamesmead

Òfin 1980 ló fún ayálégbé káńsù ní ẹ̀tọ́ láti ra ilé tó ń gbé. Àwọn àgbà tó kọ́kọ́ rà ti ń papò dà, síbẹ̀ orúkọ olóògbé ṣì wà nínú ìwé ọ̀pọ̀ ilé. Ìpàdé mọ̀lẹ́bí lè parí ìjà, kò lè yí orúkọ padà ní HM Land Registry. Ìwé nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí ikú. Ibi tí èèyàn kú sí là ń wò, kì í ṣe ibi tó ń gbé. Thamesmead pín sáàárín Greenwich àti Bexley; ẹni tó bá kú sí Queen Elizabeth Hospital, Woolwich Town Hall ní Wellington Street ni wọ́n ti ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ 5 ni òfin fi sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìwé oníṣègùn bá ti dé ọwọ́ akọ̀wé. Ẹ gba ẹ̀dà bíi mélòó kan.

Orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Ẹ san £7 lórí íntánẹ́ẹ̀tì HM Land Registry, kí ẹ ka àkọsílẹ̀ ilé náà.

Orúkọ méjì. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ni ín láìpín, ẹni tó kù ló ni gbogbo rẹ̀. Fọ́ọ̀mù DJP àti ìwé ẹ̀rí ikú ti tó. Wọn kì í gba owó. Bí olúkúlùkù bá ní ìpín tirẹ̀, ìpín olóògbé yóò lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ìwé ìhágún tàbí òfin bá yàn.

Orúkọ kan ṣoṣo. Ẹni tí ìwé ìhágún yàn ni yóò gba próbéètì, ìyẹn àṣẹ láti bójú tó ogún. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, ìbátan tó sún mọ́ olóògbé jù ni yóò gba àṣẹ. Bí ogún bá ju £325,000 lọ, owó orí lè wà níbẹ̀. Ìparí oṣù kẹfà lẹ́yìn oṣù tó kú ni gbèdéke sísan rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fọ́ọ̀mù AS1 àti AP1 ló ń gbé ilé fún ajogún. TR1 la fi ń tà á.

Bí kò bá sí ìwé ìhágún. Láti 26 Oṣù Keje 2023, ọkọ tàbí ìyàwó tí òfin mọ̀ ló ń kọ́kọ́ mú £322,000 àti ìdajì èyí tó ṣẹ́kù. Ìdajì kejì di ti àwọn ọmọ, ọgbọọgba. Òfin ibí kò mọ ìdí-igi, dáwódù kò sì ní ìpín tó ju ti àbíkẹ́yìn lọ. Ìdána tí a ṣe ní London láìsí ìforúkọsílẹ̀ kò sọ obìnrin di ìyàwó lójú òfin yìí. Bí ẹbí bá fẹ́ pín in lọ́nà mìíràn, kí ẹni tó ń fi ìpín sílẹ̀ buwọ́ lùwé lọ́dọ̀ lọ́yà kí ọdún 2 tó pé lẹ́yìn ikú náà.

Fúláàtì onílíìsì. Ẹ fi ikú náà tó ẹni tó ni ilẹ̀ létí. Àjọ ilé gbígbé Peabody ni lọ́pọ̀ ibi ní Thamesmead láti 2014. Owó ìtọ́jú ilé àti mọ́gẹ́ẹ̀jì kì í bá olóògbé wọ sàréè.

Ilé tó wà ní Nàìjíríà. Próbéètì London kò ká a. Ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ tí ilé wà ni kí ẹ lọ.

Ẹ fi orúkọ ilé sílẹ̀ ní Property Alert ti HM Land Registry, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ lè tètè gbọ́ bí gbájú-ẹ̀ bá fọwọ́ kàn án. Ẹ tún ìwé náà ṣe nísinsìnyí tí ẹ̀rí ṣì wà lọ́wọ́: bí ajogún náà bá kú kó tó yí orúkọ padà, iṣẹ́ yóò di ìlọ́po méjì fún àwọn ọmọ rẹ̀.