Òkè Helvellyn: Ọ̀nà tóóró tó rí bí ojú àdá, àti ajá tó fi oṣù mẹ́ta ṣọ́ òkú ọ̀gá rẹ̀

Bí ajá bá lè sọ̀rọ̀, ajá kan wà tí ì bá ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí lórí òkè Helvellyn, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1805. Foxie ni wọ́n ń pe ajá náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán kan, Charles Gough, ni ọ̀gá rẹ̀. Nínú oṣù kẹrin ọdún náà ni àwọn méjèèjì gbéra ní abúlé Patterdale, tí wọ́n fẹ́ gba orí òkè náà kọjá sí Grasmere tó wà ní òdìkejì. Gough kò dé Grasmere. Kò sì sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́.

Oṣù mẹ́ta gbáko kọjá. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù keje, darandaran kan gbọ́ tí ajá ń gbó nítòsí adágún odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Red Tarn. Nígbà tó débẹ̀, egungun èèyàn ló bá nílẹ̀, Foxie sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láàyè. Ohun tí àwọn èèyàn gbà ni pé ẹsẹ̀ Gough yọ̀ lórí ọ̀nà tóóró tó ń jẹ́ Striding Edge, tó sì já bọ́ sínú ọ̀gbun. Bí ajá náà ṣe rí oúnjẹ jẹ ní gbogbo ìgbà yẹn, àríyànjiyàn kò tíì tán lórí ẹ̀. Àmọ́ àwọn akéwì ńlá méjì, William Wordsworth àti Walter Scott, kọ ewì nípa rẹ̀, òkìkí ajá náà sì kàn káàkiri.

Ó ti lé ní igba ọdún tí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà náà ṣì wà níbẹ̀, kò sì fẹ̀ ju bó ṣe wà láyé Gough lọ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé èrò tó ń lọ síbẹ̀ ti pọ̀ jọjọ. Wọn kò lọ bọ òkè. Ogun kò sì lé wọn débẹ̀, bó ṣe lé àwọn Ẹ̀gbá wá sábẹ́ Olúmọ láyé ọjọ́sí. Eré ìdárayá ni wọ́n pè é. Wọ́n á gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á gba ọ̀nà kan gòkè, wọ́n á gba òmíràn sọ̀kalẹ̀, wọ́n á sì padà síbi tí wọ́n ti gbéra. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé Ìlú Ọba náà ti ń bá wọn lọ báyìí. Bí ọmọ bá wá tẹ òbí rẹ̀ láago pé òun ń lọ gun òkè lópin ọ̀sẹ̀, ó yẹ kí òbí mọ irú ibi tó ń lọ.

Agbègbè tí wọ́n ń pè ní Lake District ni òkè náà wà. Ilẹ̀ olókè àti adágún odò ni, ibẹ̀ náà ni àwọn àgbẹ̀ ti ń sin àgùntàn láti ọjọ́ pípẹ́. Lọ́dún 1951 ni ìjọba sọ ọ́ di ọgbà ìtọ́jú àdáyébá, nígbà tó sì di ọdún 2017, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Helvellyn ga tó mítà 950, òun ló ṣe ìkẹta nínú àwọn òkè tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Abúlé Glenridding, lẹ́bàá adágún Ullswater, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gùn ún ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìrìn àlọ àti àbọ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 13 sí 14, ó sì máa ń gbà tó wákàtí márùn-ún sí méje. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò le, àfi pé èèyàn á mí hẹlẹhẹlẹ. Koríko ni, òkúta ni, àgùntàn sì ń jẹ̀ káàkiri. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe rìn títí wọ́n á fi dé ibi ògiri olókùúta kan tí wọ́n ń pè ní Hole-in-the-Wall.

Níbẹ̀ ni ìrìn náà ti yí padà. Láti ibẹ̀ dé ṣóńṣó òkè tó nǹkan bíi kìlómítà kan ààbọ̀, Striding Edge ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ńṣe ni òkúta tò jọ lọ gbọọrọ bí ojú àdá tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ọ̀run. Bí èèyàn bá wo ọ̀tún, omi Red Tarn ló máa rí nísàlẹ̀, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún mítà sí ibi tó dúró sí. Bó bá wo òsì, ọ̀gbun mìíràn ni, Nethermost Cove lorúkọ rẹ̀. Kò sí igi tí èèyàn lè dì mú, kò sí irin tàbí okùn tí wọ́n so mọ́ ọn. Láwọn ibòmíràn, èèyàn méjì kò lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, lápá ibi tí Red Tarn wà, tí àwọn tí òòyì ń kọ́ máa ń gbà, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kò fún èèyàn láyè kó máa wò yàyà.

Níbi tí ọ̀nà náà ti fẹ́ parí, òkúta kan dá gẹ̀rẹ́ tó jẹ́ pé èèyàn ní láti kọjú sí i, kó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wá ibi tó máa tẹ̀, kó tó lè sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló ku kí wọ́n fọwọ́ fẹsẹ̀ gun òkúta wẹ́wẹ́ dé ṣóńṣó. Àwọn mìíràn tí ẹ̀rù ti bà láàárín ọ̀nà kì í lè lọ síwájú, wọn kì í sì í lè padà sẹ́yìn. Irú wọn wà lára àwọn tí wọ́n máa ń ránṣẹ́ pe adóòlà sí.

Ẹni tó bá lajú dáadáa lórí Striding Edge máa rí irin ìrántí kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Orúkọ Robert Dixon ló wà lára rẹ̀, ọmọ Patterdale ni. Lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá, ọdún 1858, ó ń tẹ̀ lé àwọn ajá ọdẹ tó ń lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí. Gough jẹ́ àlejò tó ń kọjá lọ. Ọmọ onílẹ̀ ni Dixon. Òkè kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Nǹkan ìyanu ni pé orí Helvellyn tẹ́ pẹrẹsẹ bí pápá. Lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù kejìlá, ọdún 1926, John Leeming àti Bert Hinkler gbé ọkọ̀ òfuurufú kékeré balẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì tún gbé e fò lọ. Òkúta ìrántí tiwọn náà wà níbẹ̀, kò sì jìnnà sí ògiri alágbèélébùú tí àwọn èèyàn máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà fẹ́ lù wọ́n, kí wọ́n lè jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé dání.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹun tán níbẹ̀ kò tíì délé. Swirral Edge ni ọ̀nà tí wọ́n máa ń gbà sọ̀kalẹ̀, òun náà tóóró, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn èèyàn máa ń fojú kéré rẹ̀ nítorí pé kò gùn tó ti àkọ́kọ́, ó sì ti rẹ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀. Bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá dì gbagidi nígbà òtútù, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀ lè yọ̀ lọ rárárá sísàlẹ̀. Nígbà yẹn, ẹni tí kò bá ní irin eléyín tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà, àti àáké kékeré tí wọ́n fi ń gún yìnyín, tí kò sì mọ̀ ọ́n lò, kò ní nǹkan kan í wá lọ síbẹ̀.

Ojú ọjọ́ ni àwọn tó mọ òkè máa ń bẹ̀rù jù. Oòrùn lè ràn ní Glenridding, kí kùrukùru bo orí òkè. Bí èèyàn bá sì ṣe ń gòkè ni òtútù ń pọ̀ sí i, ó tó ìwọ̀n 6 sí 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún mítà 1,000. Nítorí ìdí èyí ni àwọn aláṣẹ ọgbà náà ṣe máa ń gba àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gun Helvellyn lójoojúmọ́ nígbà òtútù, láti wo bí yìnyín àti atẹ́gùn ṣe rí, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ fáráyé.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà 999 ni wọ́n máa ń pè. Wọ́n á ní kí wọ́n fún àwọn ní ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà àwọn adóòlà orí òkè. Bí fóònù kò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n máa fọn fèrè láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n lè fi iná tọ́ọ̀ṣì ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó máa wá kì í gba owó oṣù lórí ẹ̀. Olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n, wọ́n níṣẹ́ tiwọn tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tí ìpè bá dé lóru, wọ́n á fi aya àti ọmọ sílẹ̀ lórí ibùsùn, wọ́n á lọ wá ẹni tí wọn kò mọ̀ rí.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ìwà akin tó ga jù lórí òkè náà, Hole-in-the-Wall ni wọ́n ti ń hù ú. Ibẹ̀ lèèyàn ti máa dúró, tó máa wo ojú ọjọ́, tó máa wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, tó sì máa bi ara rẹ̀ bóyá kó máa lọ tàbí kó padà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní akínkanjú tó mọ ìjà, tí kò mọ ìsá, ní í bógun lọ. Àwọn kan ti gbọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ojú á máa tì wọ́n láti padà. Ṣùgbọ́n òkè kò ní ṣí lọ. Bí wọ́n bá padà lónìí, wọ́n á bá a níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Lọ́dún 1890, wọ́n gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ fún Gough àti ajá rẹ̀ lókè pátápátá, níbi tí Striding Edge parí sí. Gbogbo ẹni tó bá gba ọ̀nà náà já ló máa kọjá lára rẹ̀. Ẹni iwájú jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ yín tó ń lọ: kó sọ ọ̀nà tó fẹ́ gbà àti ìgbà tó máa dé fún ẹnì kan kó tó gbéra, kó má ṣe dá nìkan lọ. Foxie ṣe ohun tí ajá lè ṣe. Kò lè délé lọ pe èèyàn wá.