Ṣé O Mọ̀? Àgbàdo Tó Bu, Jíìnì àti Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀

Ṣé o mọ̀ pé tòlótòló ló tú àṣírí májèlé inú ẹ̀pà? Lọ́dún 1960, èyí tó lé ní 100,000 kú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ẹ̀pà tó bu tó wà nínú oúnjẹ wọn. Aflatoxin ni májèlé náà. Ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù lára ẹ̀pà àti àgbàdo ló ń mú un wá.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń sọ aflatoxin di ohun tó ń lẹ̀ mọ́ DNA, ohun tí jíìnì wà nínú rẹ̀? Níbi tó ti ń gbìyànjú àtiyọ ọ́ kúrò lára ni.

Ṣé o mọ̀ pé aflatoxin ní ojú ibi tó ń bà jẹ́ nínú jíìnì? Jíìnì TP53 ló ń dá sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ lẹ́kun. Lọ́dún 1991, àwọn onímọ̀ rí àpá kan náà ní ojú 249 jíìnì yìí, lára jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní Ṣáínà àti gúúsù Áfíríkà. Lẹ́yìn náà, wọ́n rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ní Gáḿbíà.

Ṣé o mọ̀ pé ara ò dọ́gba? Jíìnì GSTM1 wà lára àwọn tó ń bá ara palẹ̀ májèlé mọ́, àmọ́ wọn ò bí i mọ́ àwọn kan rárá.

Ṣé o mọ ohun tí mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B) ń dá kún ewu yìí? Nínú ìwádìí kan ní Shanghai, aflatoxin nìkan sọ ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ di ìlọ́po 3, mẹ́dọ̀wú nìkan sọ ọ́ di 7. Nígbà tí méjèèjì pàdé, ó di 59!

Ṣé o mọ̀ pé iná ìdáná kì í pa aflatoxin tán? Síse ẹ̀kọ ò ní mú un kúrò.

Ṣé o mọ̀ pé ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn ní oògùn oko kan, Aflasafe? Irú ohun tó ń hù yẹn kan náà ni, àmọ́ kò ní májèlé. Wọ́n á fọ́n ọn sóko, á sì gbàyè mọ́ èyí tó ní májèlé lọ́wọ́.

Ṣé o mọ̀ pé iyọ̀ lè sọ bóyá àgbàdo rẹ gbẹ? Àgbàdo tí kò gbẹ ló máa ń bu. Ìwọ àgbẹ̀ Ìjàn-Èkìtì, kí o tó gbé àgbàdo rẹ lọ sí Adó-Èkìtì, bu díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, fi iyọ̀ gbígbẹ sí i, kí o sì mì í. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, tún àgbàdo náà sá, sórí tapólì, kì í ṣe orí ilẹ̀.

Jíìnì tí wọ́n bí mọ́ ọ, o ò lè pààrọ̀ rẹ̀. Àgbàdo tó bu, dà á nù, má fi bọ́ adìẹ. Ọmọ tuntun, jẹ́ kó gba abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.