Àpamọ̀ àti Àpagbè: Ohun Tó Ń Mú Ìtàn Ọ̀daràn Yọrí, láti Dallas dé Ìbàdàn

Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2019, àwọn òǹkàwé, òǹkọ̀wé àti òǹtẹ̀wé ìtàn ọ̀daràn péjọ sí ìlú Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas, fún àpérò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní Bouchercon. Anthony Boucher, òǹkọ̀wé àti lámèyítọ́ tó kú ní 1968, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àpérò náà, orúkọ rẹ̀ náà ni àmì-ẹ̀yẹ Anthony tí wọ́n ti ń fún àwọn ìwé níbẹ̀ láti 1986 ń jẹ́. Àmì-ẹ̀yẹ yìí yàtọ̀ sí Edgar, èyí tí ìgbìmọ̀ àwọn òǹkọ̀wé ń jókòó dá ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn tó wá sí àpérò gan-an ló ń dìbò fún Anthony. Ìdájọ́ ọjà ni, kì í ṣe ìdájọ́ ààfin. Lọ́dún náà, *November Road* tí Lou Berney kọ ló gba ipò ìwé ìtàn tó dára jù. *My Sister, the Serial Killer* tí Oyinkan Braithwaite, ọmọ Èkó, kọ ló sì gba ti ìwé àkọ́kọ́ tó dára jù.

Ohun kan pa ìwé méjèèjì pọ̀ tó yẹ kí ẹni tó ń ṣe lámèyítọ́ irú ìtàn yìí fi ọkàn sí: kò sí èyí tó fi apànìyàn pamọ́ nínú wọn. Nínú ìwé Berney, Frank Guidry, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá ẹgbẹ́ ọ̀daràn ní New Orleans, ti bá wọn gbé mọ́tò kan dé Dallas ṣáájú kí wọ́n tó yìnbọn pa Ààrẹ Kennedy. Nígbà tí ìròyìn ikú náà kàn án, ó yé e lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tó mọ̀ nípa mọ́tò yẹn kò ní pẹ́ láyé. Òǹkàwé mọ ẹni tó ń lé e, ó sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń lé e. Nínú ìwé Braithwaite, ojú ewé àkọ́kọ́ kò tíì gbóná tán tí Ayoola fi ti pe Korede lórí fóònù pé òun ti pa ọkùnrin mìíràn, ẹlẹ́ẹ̀kẹta irú rẹ̀, tí Korede sì gbé ọṣẹ àti bílíìṣì, ó lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Bí ìbéèrè “ta ló pa á?” bá jẹ́ ẹ̀mí ìtàn ọ̀daràn lóòótọ́, òkú ni ìwé méjèèjì ìbá ti jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi kú. Oríṣi àlọ́ méjì ni ọmọdé ń gbọ́ nílé. Àlọ́ àpamọ̀ a máa béèrè pé kí ni, tàbí ta ni. Bí ẹnìkan bá ti já a, ó tán. Kò sí ẹni tó ń pa á lẹ́ẹ̀kejì fún ẹni tó ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Àlọ́ àpagbè ní tirẹ̀ kì í fi ẹlẹ́ṣẹ̀ pamọ́. Gbogbo ọmọ tó jókòó ló mọ̀ pé Ìjàpá ló jí i, wọ́n sì mọ̀ pé yóò tẹ́. Síbẹ̀ wọ́n ń gbe orin, wọ́n sì ń sún mọ́ ara wọn. Ìgbà tí àṣírí yóò tú ni wọ́n ń dúró dè, àti ẹni tí yóò tú níṣojú rẹ̀, àti bí ìtìjú náà yóò ti pọ̀ tó.

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ìgbà láéláé, àpamọ̀ ni. Ní 1929, Ronald Knox, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì tó tún ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, gbé òfin mẹ́wàá kalẹ̀ fún un. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Detection Club sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Púpọ̀ nínú òfin Knox ti di ẹ̀rín lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣì dúró digbí: olobó yòówù tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá rí, òǹkàwé gbọ́dọ̀ rí i pẹ̀lú. Ọ̀nà yìí ni Kọ́lá Akínladé tọ̀ ní èdè Yorùbá, àkọlé *Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?* (1971) sì ti kéde rẹ̀ kí a tó ṣí ìwé. Ó rọrùn láti mọ ibi tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti ń kùnà. Ó ń kùnà bí ìdáhùn bá dúró lórí ohun tí a kò fi han òǹkàwé rí, ó sì ń kùnà bí ìdáhùn bá ti hàn kí ìtàn tó dé ìdajì. Ìkùnà kẹta kò ní ariwo tó méjì àkọ́kọ́: kí ọ̀daràn ṣàdédé jẹ́wọ́ lópin ìwé, kó máa ka ohun tó ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ìwé ìpolongo, nígbà tí ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì tó láti mú un. Ìjẹ́wọ́ ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ó sì ń gba ayọ̀ lọ́wọ́ òǹkàwé.

Ọ̀nà mìíràn ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbà nínú *Àjà Ló Lẹrù* (1969) àti *Àgbàlagbà Akàn* (1971). Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sí yàrá ṣe ìṣirò olobó. Òun àti Tàfá Ìgìrìpá, ọ̀rẹ́ rẹ̀, a máa lé ọ̀daràn, ọ̀daràn náà a sì máa lé wọn. Ohun tí òǹkàwé ń bi ara rẹ̀ ni bí wọn yóò ti bọ́, àti ohun tí bíbọ́ náà yóò ná wọn. Àwọn kan ti ka òwe, ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ àti èébú tó kún ẹnu Lápàdé sí ohun tó ń dá eré dúró. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn ojú ewé kan wà tí ọ̀rọ̀ ti gùn ju ewu lọ. Ṣùgbọ́n ìdádúró gan-an ni ẹrù irú ìtàn yìí. Nígbà tí ewu ń bọ̀, tí Lápàdé sì ń fi ọ̀rọ̀ gbé ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó lè pa á, ọ̀rọ̀ náà ń ṣe iṣẹ́ tí orin ń ṣe nínú àpagbè: ó ń fa àkókò gùn, ọkàn kò sì lè balẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fo òwe kọjá kó lè tètè dé ibi ìjà yóò rí i pé ìjà náà kò lókun mọ́ nígbà tó bá débẹ̀.

Dallas fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn òǹkọ̀wé ní ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n yìnbọn pa Kennedy ní Dealey Plaza ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1963. Ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà Jack Ruby yìnbọn pa Lee Harvey Oswald, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, nígbà tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ìgbìmọ̀ Warren sọ ní 1964 pé Oswald nìkan ló ṣe é; ní 1979 ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin kan ní ó ṣeé ṣe kí ọ̀tẹ̀ wà nínú rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àpamọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní ìdáhùn tí gbogbo ènìyàn gbà. Síbẹ̀ àwọn ìtàn tó yọrí jù lórí rẹ̀ kò fi ìdáhùn tuntun tajà. Don DeLillo, nínú *Libra* (1988), tẹ̀ lé Oswald láti ìgbà èwe rẹ̀ títí dé ojú fèrèsé ilé ìkówèépamọ́sí náà. Stephen King, nínú *11/22/63* (2011), rán olùkọ́ kan padà sínú àkókò láti lọ dá ikú náà dúró. Òǹkàwé mọ ọjọ́ náà, ó mọ wákàtí rẹ̀, ó tún mọ òpópónà náà. Ìmọ̀ yẹn ló ń mú kí àyà já.

Ibi tí ìwé Braithwaite ti ní agbára jù ni ibi tí àkọlé rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ti fi nǹkan pamọ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò sọ ẹni tó dàgbà. Ẹni tó bá fẹ́ pe àkọlé yẹn ní Yorùbá kò ní ibi ìsápamọ́ sí: àbúrò ni Ayoola, Korede sì ni ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ìtàn náà wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń bi bí àbúrò bá ṣubú. Ẹ̀gbọ́n ni ń bo àbúrò lójú bàbá òǹrorò, bàbá tí ọ̀bẹ rẹ̀ ti di ohun èlò Ayoola báyìí. Nítorí náà, nígbà tí Ayoola yí ojú sí Tade, dókítà tí Korede fẹ́ràn níbi iṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀mí ọkùnrin nìkan ló wà nínú ewu. Ipò ẹ̀gbọ́n gan-an ló wọ ẹjọ́. Lópin gbogbo rẹ̀, ẹ̀rí Korede ló máa pinnu ẹni tí àwọn ènìyàn yóò gbà gbọ́ láàárín Tade àti Ayoola, ó sì yan àbúrò rẹ̀. Àwọn olùdìbò tó wà ní Dallas lè má mọ ọ̀rọ̀ náà “àbúrò”, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwúwo rẹ̀ nítorí pé ìwé náà gbé e lé wọn léjìká.

Àléébù kò ṣàì sí. Tade fúyẹ́ jù. Ẹwà Ayoola ló ń fọ̀ ọ́ lójú láti ìpàdé àkọ́kọ́, a kò sì rí nǹkan púpọ̀ mìíràn nínú rẹ̀ tó fi yẹ kí Korede máa ṣàárò rẹ̀. Muhtar, aláìsàn tó sùn láìmọ ara tí Korede ń tú àṣírí sí létí, jẹ́ ọgbọ́n tó dùn títí ó fi jí. Jíjí rẹ̀ bọ́ sí àkókò tí òǹkọ̀wé nílò rẹ̀ gan-an, ó sì fẹ́ jọ ìjẹ́wọ́ ọ̀fẹ́ tí a ti bá àwọn elépamọ̀ wí fún.

Ẹ̀sùn tí a ń gbọ́ jù láàárín àwọn òǹkàwé Yorùbá, nílé àti lókè òkun, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọ̀nyí. Wọ́n ní apànìyàn lọ láìjìyà. Ìbéèrè tí kíláàsì lítíréṣọ̀ Yorùbá ti sọ di bárakú ni pé ẹ̀kọ́ wo ni ìwé kọ́ wa, ìdáhùn tí ó sì ń retí ni pé ìkà a máa ka oníkà. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn ìtàn ọ̀daràn, ìwé tí kò ní ẹwà kankan yóò yege nítorí pé ọlọ́pàá dé lójú ewé ìkẹyìn, *My Sister, the Serial Killer* yóò sì kùnà. Òkédìjí pẹ̀lú yóò ní ìṣòro níwájú irú olùdájọ́ bẹ́ẹ̀, pàápàá nínú *Atótó Arére* (1981), níbi tó ti mú òǹkàwé sún mọ́ ọ̀daràn ju bí ara ti lè gbà lọ. Ìjìyà lè wá, ó sì lè má wá. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ béèrè ni bóyá ìwé náà jẹ́ kí a mọ iye tí ọ̀ràn náà ná ẹni tó dá a àti ẹni tó bò ó. Korede san owó náà: ó mọ ohun tó ṣe, kò sí ẹnìkan nínú ilé rẹ̀ tó lè bá a gbé e, ìlẹ̀kùn sì lè kan nígbàkúgbà kí ọkùnrin mìíràn wá béèrè àbúrò rẹ̀.