Ìwé Tí A Tì Mọ́ Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ọ̀ràn kan wà nílẹ̀ tí a kò lè ṣàì mú wá síwájú yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa fúnra wa ni a ó kọ́kọ́ bá wí. Ní Mẹ́ndè tí a ń gbé, lẹ́bàá Maryland, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà ní pálọ̀ wa. Ìwé ìtàn kún inú rẹ̀, a sì tì í pa, kí àwọn ọmọ má baà fi ọwọ́ elépo bà wọ́n jẹ́. Ìwé wà ní mímọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a ní kí àbígbẹ̀yìn wa ka ojú ìwé kan sí wa létí, ńṣe ni ó ń ṣa lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Kí ó tó dé òpin gbólóhùn, ó ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ojú tì wá púpọ̀.

Ọmọ náà kì í ṣe aláìlọ́gbọ́n. Ọmọ tí ń kàwé lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ a máa dá ọ̀rọ̀ mọ̀ lọ́gán, bí ó ti ń dá ojú ìyá rẹ̀ mọ̀ láàrin ọjà. Nígbà náà ni ọkàn rẹ̀ yóò ráyè ro ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí. Bí ó bá jẹ́ ìwé Yorùbá tí a fi àmì sí, yóò mọ̀ pé igbá yàtọ̀ sí igba, àti pé ìgbà kì í ṣe igbà tí ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ.

Àwọn tí ó ṣáájú wa mọ èyí. Nígbà tí Henry Townsend dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ó fẹ́ kí ìwé kíkà di àṣà àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìwé náà ń jáde.

Ìyá tí ń jí lọ ta tòmátì ní Mile 12 lè bi wá pé, ìgbà wo ni òun yóò ráyè? Ìyá wa, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Bí ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kà, ẹ jẹ́ kí ọmọ kà á sí yín létí, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tí ó kà.

Àwa ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Aláwíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ ni ọmọ kọ́kọ́ mú. Epo ti kán sí i lára. Kí ó wà níbẹ̀.