Ẹ Wo Kọ́bọ̀ Dáadáa Kí Ẹ Tó Yáwó Rà Á



Lóṣù tó kọjá, ní ọjọ́ ẹ̀yáwó, arákùnrin kan nínú wa wá sí ọ́fíìsì, ó ní òun fẹ́ yá ₦150,000. A bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní kọ́bọ̀ kan ṣoṣo lòun fẹ́ rà. Ẹnu yà wá. Àṣé ẹnì kan ló sọ fún un pé kọ́bọ̀ oníhò kan wà lọ́wọ́ òun tí wọ́n tẹ̀ ní àṣìṣe, pé orúkọ ọba tí kò dé adé rí ló wà lára rẹ̀, àti pé mílíọ̀nù làwọn òyìnbó fi ń rà á. Arákùnrin wa ti fi ₦20,000 sílẹ̀ fún un nínú owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀.

Ó fi àwòrán kọ́bọ̀ náà hàn wá lórí fóònù: EDWARDVS VIII, 1936. A ò bá a jiyàn. A ránṣẹ́ sílé, wọ́n gbé agolo mílíìkì tí bàbá wa fi sílẹ̀ wá. A tú u sórí tábìlì. Mẹ́rin irú rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Arákùnrin wa dákẹ́ lọ gbári.

Ẹ gbọ́ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Ọba George Karùn-ún kú ní oṣù kìíní 1936, Edward Kẹjọ ọmọ rẹ̀ sì gorí oyè. Kí wọ́n tó dé e ládé, ó fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún yẹn nítorí obìnrin ará Amẹ́ríkà tó fẹ́ fi ṣaya. Nílùú òyìnbó, owó orúkọ rẹ̀ kò dé ọjà. Ṣùgbọ́n onínì, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ oníhò tiwa kò ní àwòrán orí ọba. Adé àti orúkọ nìkan ló ní. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, àwọn bàbá wa sì ná an láti Nàìjíríà dé Gáḿbíà. Kì í ṣe àṣìṣe rárá, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì ń tà á. Lẹ́tà H tàbí KN tí ẹ bá rí lára rẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe náà: ilé iṣẹ́ Heaton ni H, Kings Norton ni KN.

Kí wá ni owó àṣìṣe gan-an? Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ọ̀kan. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn 20 pẹ́ńsì ni ọdún máa ń wà. Ní 2008, wọ́n yí àwòrán rẹ̀ padà, wọ́n gbé ọdún wá sí ojú tí orí ọbabìnrin wà. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣèèṣì fi òǹtẹ̀ ojú ti àtijọ́ pọ̀ mọ́ òǹtẹ̀ ẹ̀yìn ti tuntun. Bí owó ṣe jáde tí kò ní ọdún níbì kankan nìyẹn. Ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ jẹ́wọ́. Ẹni tó bá rí i, wọ́n á rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìlọ́po iye rẹ̀ lọ́nà púpọ̀. Ẹ kíyè sí i o: inú ṣéńjì burẹ́dì lèèyàn ti ń rí irú rẹ̀, kò yáwó rà á.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wo owó àtijọ́, ẹ wo nǹkan wọ̀nyí:

1. Ṣé àwòrán yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ṣé kọ́bọ̀ tó yẹ kó ní ihò kò ní in?
2. Ṣé ojú àti ẹ̀yìn bára wọn mu?
3. Èyí tí wọ́n fi òòlù lù, tí iná jó, tàbí tí wọ́n lu fún ẹ̀gbà ọrùn ọmọ, ìyẹn bàjẹ́ ni. Kì í ṣe àṣìṣe òǹtẹ̀.
4. Ẹ má fi iyanrìn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Fífọ̀ ń ba iye rẹ̀ jẹ́.

A ò yá arákùnrin wa ní owó kọ́bọ̀. Owó ilé ìwé ọmọ la yá a. ₦20,000 rẹ̀ kò padà. Ẹni tó gbà á kò gbé fóònù mọ́. Ẹni tó ta ọjà erùpẹ̀ á gba owó òkúta, ṣùgbọ́n ẹni tó fowó gidi ra erùpẹ̀ ńkọ́?

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó padà wá. Ó ti tú àpótí ìyá rẹ̀ olóògbé, ó rí sísì 1959 kan tí àwòrán kòkó wà lẹ́yìn rẹ̀. A ní ṣé yóò tà á. Ó ní rárá o, pé kòkó ni ìyá òun fi rán òun nílé ìwé.

Ẹni tó bá ní agolo owó àtijọ́ nílé, kó gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. A ó jọ wò ó, ọ̀fẹ́ ni. Àjọṣe wa kò ní bàjẹ́ o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́