Aṣírò ni, kì í ṣe Òṣùwọ̀n: Orúkọ tí ó yẹ Ẹ̀rọ Ọwọ́ Òmòòkùn

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kan àwọn tí ń ṣiṣẹ́ èdè-ìperí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé orúkọ tí a bá fún ohun-èlò ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ fi mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí orúkọ kò bá bá àga tàbí tábìlì mu, àṣìṣe náà kò ju ẹ̀rín lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ohun-èlò kan wà tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀rọ kékeré tí àwọn òmòòkùn òde òní ń so mọ́ ọrùn ọwọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà, tí ó sì fẹ́ ra ti rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ní láti mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Orúkọ tí a bá fún un ní Yorùbá lè là á lóye, ó sì lè ṣì í lọ́nà.

Ìmòòkùn méjì

Ọ̀rọ̀ náà mòòkùn kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Nínú ọ̀sà Èkó, àwọn tí ń wa yanrìn ṣì ń fi àkàsọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú omi pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. Èémí kan ṣoṣo tí wọ́n fà sínú lókè ni wọ́n ń lò títí wọn yóò fi jáde. Òmòòkùn òde òní yàtọ̀ sí wọn. Ó gbé àgbá irin tí a ki afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ pinpin kọ́ ẹ̀yìn, ó sì ń mí láti inú rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ omi. Nítorí náà ó tọ́ kí a pe ti àkọ́kọ́ ní ìmòòkùn alámúmọ́ra, nítorí èémí tí a mú mọ́ra, kí a sì pe ti èkejì ní ìmòòkùn alágbá. Ti èkejì yìí ni ẹ̀rọ ọ̀hún wà fún.

Ohun tí omi ń ṣe sí ara

Omi a máa tẹ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Lókè omi, afẹ́fẹ́ ayé nìkan ni ó ń tẹ̀ wá. Ní gbogbo mítà 10 tí ènìyàn bá sọ̀ sínú òkun, ìtẹ̀ a máa fi ìwọ̀n kan bẹ́ẹ̀ lé sí i. Ní mítà 30, ìtẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́rin ti òkè. Náítírójìn ni nǹkan bí 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Ara kò lò ó, ṣùgbọ́n bí ìtẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni náítírójìn tí ń yòrò sínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara ń pọ̀ sí i.

Ẹni tí ó bá ti ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò rí mọ ìyókù. Bí a bá rọra ṣí i, gáàsì inú rẹ̀ a jáde díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ṣí i lójijì, ìhó a bò ó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara òmòòkùn tí ó bá sáré gòkè. Náítírójìn a di ìhó kéékèèké nínú ẹ̀jẹ̀ àti oríkèé, ó sì lè fa ìrora, àrọ tàbí ikú. A lè pe àìsàn náà ní àrùn ìgòkè-òjijì. Paul Bert, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó fi hàn ní 1878 pé ìhó náítírójìn ni ó ń fà á. Ní 1908, J. S. Haldane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ewúrẹ́ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì gbé àtẹ àkọ́kọ́ jáde tí ó ń sọ bí òmòòkùn yóò ṣe máa dúró lọ́nà bí ó ti ń gòkè.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní omi Nàìjíríà jẹ́rìí sí èyí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún, 2013, ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 dojú dé nínú òkun nítòsí Escravos, ní Ìpínlẹ̀ Delta. Nínú ènìyàn 12 tí ó wà nínú rẹ̀, Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, nìkan ni ó là. Ó wà nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó há sínú yàrá kan fún nǹkan bí wákàtí 60, ní nǹkan bí mítà 30 nísàlẹ̀ omi, kí àwọn òmòòkùn tó bá a. Wọn kò jẹ́ gbé e gòkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí ó máa lọ sílé. Wọ́n fi í sínú yàrá irin tí ìtẹ̀ inú rẹ̀ bá ti ìsàlẹ̀ omi dọ́gba, wọ́n sì ń dín ìtẹ̀ náà kù díẹ̀díẹ̀ fún ohun tí ó lé ní ọjọ́ méjì. Omi kò pa á, ṣùgbọ́n ìgòkè òjijì ìbá ti pa á.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe

Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, aago, òṣùwọ̀n ìjìn omi àti àtẹ ni òmòòkùn ń lò. Àtẹ a máa ka gbogbo àkókò ìmòòkùn sí ibi tí ó jìn jù lọ tí ènìyàn dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó lò níbẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí tàn kálẹ̀ láàárín 1983 sí 1990 ni ó ti di pé a ń tún ìṣírò yìí ṣe lemọ́lemọ́ bí òmòòkùn ti ń lọ sókè sódò.

Ohun méjì péré ni ẹ̀rọ náà fi ń ṣe ìṣírò yìí tí ó ń wọ̀n fúnra rẹ̀: ìtẹ̀ omi àti àkókò. Irú afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú àgbá, òmòòkùn ni ó ń sọ fún un. Ìyókù, ìṣírò ni. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ìlànà tí a ń lò jù, èyí tí A. A. Bühlmann ṣe ní Zürich, a pín ara sí ẹ̀ka-ìṣírò 16. Èyí tí ó yá jù ń gba náítírójìn dé ìdajì láàárín ìṣẹ́jú 4, èyí tí ó lọ́ra jù ń lo ìṣẹ́jú 635. Àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀dọ̀ tàbí ọkàn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ bóyá ẹni tí ó wọ̀ ọ́ sanra, bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, bóyá òtútù mú un tàbí kò sùn lóru àná. Kò tíì fojú kan ìhó kan ṣoṣo nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Àwọn orúkọ tí a lè fún un

Orúkọ àkọ́kọ́ tí yóò wá sí ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ayára-bí-àṣá òmòòkùn, nítorí pé ayára-bí-àṣá ti di orúkọ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ìyára gan-an ni ọ̀tá òmòòkùn. Ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ó má ṣe gòkè ju mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kò bójú mu kí ohun-èlò tí ń kọ́ni ní sùúrù máa jẹ́ orúkọ àṣá.

Èkejì ni aago òmòòkùn. Ó rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ojúlówó aago wà fún àwọn òmòòkùn tí kì í ṣe ìṣírò kankan. Ẹni tí ó bá lọ sọ́jà pẹ̀lú orúkọ yìí lè ra aago lásán.

Ẹ̀kẹta, òṣùwọ̀n náítírójìn, ni ó léwu jù. Òṣùwọ̀n ìgbóná ara ń wọn ìgbóná ara gan-an. Ẹni tí ó bá gbọ́ òṣùwọ̀n náítírójìn yóò gbà pé ara òun ni a wọ̀n, pé bí ẹ̀rọ bá ní kò séwu, ewu tán nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ènìyàn méjì lè mòòkùn pọ̀, kí ẹ̀rọ àwọn méjèèjì sọ ohun kan náà, kí àrùn sì mú ọ̀kan.

Kọ̀ǹpútà ìmòòkùn kò burú gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àyálò, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé iṣẹ́ kankan. Ẹ̀rọ aṣírò ìmòòkùn ni ó sàn jù. Aṣírò jẹ́wọ́ pé ìṣírò ni iṣẹ́ ẹ̀rọ náà, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì mọ̀ pé ìṣírò kò lè dára ju ohun tí a fi ṣe é lọ.

Ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ àti yíyan ti àkọ́kọ́

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ dà pọ̀. Gbèdéke àìdúró ni iye ìṣẹ́jú tí ó kù kí òmòòkùn tó di ẹni tí kò lè gòkè tààrà mọ́. Nínú àtẹ tí àjọ PADI fi ń kọ́ àwọn olùbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 56 ni fún mítà 18, ó sì jẹ́ 20 péré fún mítà 30. Ìdúró ọ̀ranyàn ni èyí tí ẹ̀rọ ń pa láṣẹ bí a bá ti kọjá gbèdéke. Ìdúró ìṣọ́ra, ìṣẹ́jú 3 ní mítà 5, ni èyí tí à ń ṣe fún ààbò bí a kò tilẹ̀ kọjá. Bí a bá pe méjèèjì ní ìdúró lásán, olùbẹ̀rẹ̀ lè fojú di èyí tí ó jẹ́ àṣẹ.

Láti inú orúkọ ni ìmọ̀ràn fún ẹni tí ń ra ti àkọ́kọ́ ti ń jáde. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ aṣírò, kí ó wo bóyá nọ́ńbà ojú rẹ̀ hàn kedere nínú omi tí ó dúdú, kí ó sì lè ka gbèdéke àìdúró láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó wo bóyá a lè yí i sí ìṣírò oníṣọ̀ọ́ra, bóyá a lè sọ irú afẹ́fẹ́ inú àgbá fún un, bóyá ó ń ké bí a bá ń yára gòkè, àti bóyá a lè rí bátìrì rẹ̀ pààrọ̀. Owó gọbọi kì í sọ ìṣírò di òdodo. Ẹ̀rọ tí kò wọ́n tí olówó rẹ̀ lóye sàn ju olówó-ńlá tí kò yé e lọ. Kò sì gbọdọ̀ yá ẹlòmíràn ní àárín ìmòòkùn méjì, nítorí pé ìmòòkùn òwúrọ̀ ṣì wà nínú ìṣírò ti ọ̀sán.

Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni a ti lè dán èdè-ìperí yìí wò dáadáa. Ẹ jẹ́ kí a ronú ọmọ Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ ìmòòkùn ní Stoney Cove, ní agbègbè Leicester, tí ó sì fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú wá kí àwọn òbí rẹ̀. Ìtẹ̀ inú ọkọ̀ òfuurufú kéré sí ti ilẹ̀. Ìmọ̀ràn tí ó wà ni pé kí ó dúró fún wákàtí 12 ó kéré tán lẹ́yìn ìmòòkùn kan tí kò kọjá gbèdéke, tàbí wákàtí 18 bí ó bá mòòkùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ìyá rẹ̀ bá bi í léèrè ohun tí ó so mọ́ ọwọ́, tí ó sì dáhùn pé, “Ẹ̀rọ aṣírò ìmòòkùn ni, Ìyá mi, ó ń bá mi ṣírò ìgbà tí mo lè gòkè,” ìyá náà yóò lóye. Yóò sì lè béèrè ohun tí ó yẹ kí gbogbo olùbẹ̀rẹ̀ béèrè: “Bí ìṣírò rẹ̀ bá ṣì ńkọ́?” Èdè-ìperí tí ó bá lè mú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jáde ni kí àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ máa lò.